Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n tí ẹ bá tẹ bíréèkì: ẹ yẹ họ́ọ̀bù wò kí ẹ tó ra dísìkì

Ọkọ̀ ń lọ geerege lójú ọ̀nà márosẹ̀, 100 km/h, kò dún, kò mì. Bí ẹ ṣe ní kí ẹ tẹ bíréèkì báyìí ni sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́ yín, tí pẹ́dà náà ń ti ẹsẹ̀ yín padà. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní dísìkì, irin róbótó tí páàdì máa ń fún mú kí táyà lè dúró, ti ká. Ẹ ra tuntun, ẹ ra páàdì mọ́ ọn, gbígbọ̀n náà lọ. Kò ju oṣù mélòó kan, ó tún dé. Àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ayédèrú ni ọjà tí wọ́n rà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ṣẹ̀ dísìkì kọ́. Ojú họ́ọ̀bù tí dísìkì jókòó lé ló dọ̀tí, tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ tí wọ́n fi di nọ́ọ̀tì táyà ni kò dọ́gba. Bí ẹ kò bá tún méjèèjì yìí ṣe, bí ẹ ra dísìkì mẹ́wàá, ibì kan náà ni gbogbo wọn á já sí.

Toyota Corolla tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008 la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó kún ojú ọ̀nà wa. Dísìkì ló wà níwájú rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí irú ọkọ̀ tiyín bá yàtọ̀, iṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ ti wo ìwọ̀n.

Ohun tó ń mú un gbọ̀n

Irin tó ki ni dísìkì, kì í ṣàdédé ká bí abọ́ ike tó sún mọ́ iná. Ẹ jẹ́ ká ní ìdógùn-ún tí kò ju 0.05 mm lọ há sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárín dísìkì àti họ́ọ̀bù. Irun orí ẹyọ kan lè nípọn jù ú lọ. Àmọ́ dísìkì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ojú họ́ọ̀bù, nítorí náà ohun tó jẹ́ 0.05 mm ní ìdí á ti di nǹkan bíi 0.1 mm kó tó dé etí. Dísìkì á wá máa yẹ̀ lọ, yẹ̀ bọ̀ bó ṣe ń yí.

Táyà 195/65 R15 ń yí nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí ọkọ̀ bá wà ní 100 km/h. Gbogbo ìgbà tó bá yí ni ibi tó yẹ̀ yẹn ń lọ fara gbún páàdì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yín kò sí lórí bíréèkì rárá. Díẹ̀díẹ̀ ibẹ̀ á jẹ, á di fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ. Ìdí nìyẹn tí dísìkì tuntun kì í fi í gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sí i, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún mélòó kan kìlómítà ló ń bẹ̀rẹ̀. Tí ibì kan lára dísìkì bá fi 0.02 mm péré nípọn ju ibòmíràn lọ, ó tó láti mú ọkọ̀ gbọ̀n. Ibi tó nípọn á ti písítìn kálípà (ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) sẹ́yìn, omi bíréèkì á sì gbé e wá bá ẹsẹ̀ yín. Ibi tó fẹ́lẹ́ á tú u sílẹ̀. Ó dì, ó tú, ó dì, ó tú, òun ló ń fa sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ọ̀nà kejì tó ń gbà ṣẹlẹ̀ ni kí páàdì lẹ̀ mọ́ dísìkì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì láti òkè délẹ̀, dísìkì gbóná janjan. Ẹ dé ìsàlẹ̀, ẹ bá ibi àyẹ̀wò, ẹ tẹ bíréèkì pa fún ìṣẹ́jú méjì láìsún. Ara páàdì á yọ́ mọ́ ojú kan ṣoṣo lára dísìkì. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí àmì dúdú tàbí aláwọ̀ búlúù díẹ̀ tó ya àwòrán páàdì gẹ́lẹ́. Tí òkè bá gùn, jíà kékeré ni kó máa dá ọkọ̀ dúró. Lórí ọ̀tọ́mátíìkì, ẹ fà á sí 2 tàbí L kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ibi tó ti ń dùn ún

Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́, tó gbẹ, tí ọkọ̀ kò sí lẹ́yìn yín. Ẹ sáré dé 90 sí 100 km/h láìtẹ bíréèkì. Tó bá ti ń gbọ̀n kí ẹ tó tẹ bíréèkì, ẹ̀yin ẹ fi bíréèkì sílẹ̀ ná. Ẹ lọ yẹ bálánsìn táyà wò, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa ojú táyà yí ká. Táyà tó ní kókó tàbí tó wú níbì kan, ẹ yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ náà, torí ó lè bẹ́ nígbàkigbà.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì nìkan ló gbọ̀n, ẹ fọkàn sí ibi tí gbígbọ̀n náà ti ń wá. Bó bá jẹ́ sítíárìn, dísìkì iwájú ni. Bí sítíárìn bá dúró jẹ́ẹ́ àmọ́ tí ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀ ń mì lábẹ́ yín, ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ tún gbọ́ bó ṣe ń yára sí: gbígbọ̀n tó ń falẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń falẹ̀ jẹ́ ti ohun tó ń yí pẹ̀lú táyà. Bí sítíárìn bá gbọ̀n àmọ́ tí pẹ́dà kò ta ẹsẹ̀ yín rárá, ẹ jẹ́ kí búṣìn lówà áàmù (rọ́bà ìdí irin tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀) wà lára ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò.

Ti ẹ̀yìn rọrùn láti mọ̀ lára ọkọ̀ tí háńbíréèkì rẹ̀ ń di dúrọ́ọ̀mù. Ní 40 km/h, ẹ tẹ bọ́tìnnì háńbíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ni kò ní jẹ́ kó há, ẹ sì lè jù ú sílẹ̀ kíá. Tí ọkọ̀ bá gbọ̀n bí ẹ ṣe ń fà á, dúrọ́ọ̀mù ló ti di olóbìrípo tí kò yí po mọ́. Ẹ má ṣe é lójú ọ̀nà tó tutù o.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú. Tí pẹ́dà bá ń ta gìrì-gìrì-gìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì gan-an lórí yanrìn tàbí ojú ọ̀nà tó ń yọ̀, ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ bíréèkì pa, ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà gbígbẹ nígbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán, sẹ́ńsọ̀ ABS ìdí táyà kan ló dọ̀tí tàbí tó bà jẹ́. Ẹ má torí ẹ̀ ra dísìkì.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè

Ilẹ̀ tó tẹ́ ni. Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi òkúta tàbí pákó dí táyà ẹ̀yìn, ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Spánà 21 ni nọ́ọ̀tì Corolla ń lò. Lẹ́yìn tí jáàkì bá gbé e, ẹ ki sítáńdì irin bọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kọ́ o. Búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì lábẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan náà sì lè yọ̀.

Kí ẹ tó bọ́ táyà, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ mì ín. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lọ́wọ́ yín, béárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì ti lọ. Ẹ tún di ọ̀tún àti òsì rẹ̀ mú, ẹ mì ín. Tíyẹn bá mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ wo orí táì rọ́ọ̀dù (irin tí sítíárìn fi ń yí táyà). Ẹ fi irin gígùn wọ́ lówà áàmù síwá sẹ́yìn kí ẹ lè rí i bóyá rọ́bà búṣìn rẹ̀ ti ya. Ojú ọ̀nà oníkòtò máa ń jẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí kíá, dísìkì tó yẹ̀ díẹ̀ tí ara ọkọ̀ tó le kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ á wá di ìjì. Ẹ tún wọn ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan bíréèkì. Béárìn tó ń mì pàápàá, kò sí dísìkì tó lè jókòó tààrà lára rẹ̀.

Ẹ bọ́ táyà, ẹ wá tú bọ́ọ̀tù méjì tó di kálípà mú, spánà 14 ni. Okùn tàbí wáyà ni kí ẹ fi so kálípà mọ́ sípíríìn. Tí ẹ bá jẹ́ kó máa fi họ́ọ̀sì rọ̀, inú họ́ọ̀sì á ya láìjẹ́ pé ẹ rí i lóde. Eruku ibẹ̀, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lé e. Ó burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́.

Páàdì á sọ púpọ̀ fún yín. Ẹ gbé ti inú àti ti òde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ọ̀kan bá jẹ tán tí èkejì ṣì ki, tàbí tí ẹyọ kan bá jẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ọṣẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ kan lò, píìnì tí kálípà fi ń rìn ti há. Páàdì tí kò bá ti tó 3 mm mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fa píìnì náà yọ. Ó yẹ kí wọ́n máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìka méjì. Ẹ nù wọ́n mọ́, ẹ fi gíríìsì bíréèkì onísílíkónì pa wọ́n. Gíríìsì tí wọ́n ń fi sí béárìn máa ń mú rọ́bà ibẹ̀ wú, á sì tún há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, píìnì kan ní rọ́bà kékeré lórí, èkejì kò ní. Ẹ sàmì sí ihò tí ẹ ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ojú họ́ọ̀bù: ibí niṣẹ́ wà

Ẹ tú bírákẹ́ẹ̀tì kálípà, spánà 17. Kí ẹ tó yọ dísìkì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára rẹ̀ àti sára ẹyọ bọ́ọ̀tù táyà kan, kí ẹ lè mọ bó ṣe jókòó tẹ́lẹ̀. Tó bá ti lẹ̀, ẹ má fi òòlù lù ú. Ihò méjì wà lójú dísìkì Toyota tí kò ní bọ́ọ̀tù nínú. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹ ki bọ́ọ̀tù M8 bọ̀ wọ́n, kí ẹ máa yí méjèèjì ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, á sì ti ara rẹ̀ jáde.

Ẹ wo ojú họ́ọ̀bù báyìí. Ẹ máa rí ìdógùn-ún pupa tó gbá yí ìdí bọ́ọ̀tù táyà ká, èyí tí ọwọ́ lè máà mọ̀ pé ó ga. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, lẹ́yìn náà sánpépà, títí irin á fi mọ́ tí á sì máa dán. Ẹ̀gbẹ́ ìdí bọ́ọ̀tù táyà ló le jù láti dé, ibẹ̀ náà ni ìdógùn-ún sì ń pọ̀ sí jù, nítorí náà ẹ wé sánpépà mọ́ orí páìpù kékeré kan tó lè bọ́ sórí bọ́ọ̀tù, kí ẹ máa yí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún inú dísìkì tó ń lọ kan họ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ dísìkì tuntun, ẹ fọ òróró tí wọ́n fi pa á kúrò pẹ̀lú omi ọṣẹ tàbí brake cleaner tí wọ́n ń tà nínú agolo, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́.

Ẹ dá dísìkì padà, ẹ fi ọrùka irin sábẹ́ nọ́ọ̀tì táyà, kí ẹ di gbogbo wọn bákan náà. Gééjì alábẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní dial gauge ni kí ẹ gbé sí i, kí orí rẹ̀ kan dísìkì ní 10 mm sí etí. Ẹ fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ lọ ju 0.05 mm lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ìyípo kan. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ yọ dísìkì, ẹ yí i sí bọ́ọ̀tù tó kàn, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bọ́ọ̀tù márùn-ún ló wà, ìjókòó márùn-ún ni ẹ lè dán wò. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ lò. Bí gbogbo wọn bá ṣì kọjá 0.05 mm lórí họ́ọ̀bù tó mọ́, ẹ gbé dísìkì tó dájú síbẹ̀. Bíyẹn náà bá yẹ̀, họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló ti ká, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti ọkọ̀ tó já sí kòtò burúkú tàbí tó ti ní jàǹbá.

Dial gauge kò wọ́n púpọ̀, mẹkáníìkì tó bá ní i á tètè mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí kò ní lè so irin tín-ín-rín mọ́ ara bírákẹ́ẹ̀tì, kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dísìkì, kó wá máa fi feeler gauge, àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn àlàfo náà bí dísìkì ṣe ń yí. Kò péye tó, àmọ́ ó máa tú àṣírí èyí tó burú.

Kí wọ́n ha á ni, àbí kí ẹ ra òmíràn?

Ẹ fi micrometer wọn ìnípọn dísìkì níbi mẹ́jọ yí ká, gbogbo rẹ̀ ní 10 mm sí etí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èyí tó pọ̀ jù bá fi 0.02 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ ju èyí tó kéré jù lọ, òun ni ẹ ń wá. Ẹ wá wo etí tàbí inú ìkòkò dísìkì, ẹ máa rí MIN TH àti nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀. Ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọdọ̀ kéré jù nìyẹn.

Tó bá ṣì ki ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ó kéré tán 1 mm, ẹ lè ní kí wọ́n skim ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ lathe ha ojú méjèèjì. Ẹ sọ fún onílathe pé kó nu inú dísìkì kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Bí ìdógùn-ún bá wà níbẹ̀, gẹ̀rẹ́ ló máa gé e. Àmì páàdì tó lẹ̀ mọ́ ọn fúyẹ́fúyẹ́ kò tó gbé lọ síbẹ̀: sánpépà líle lè ha á kúrò.

Tí ẹ bá máa rà, méjì-méjì ni, ọ̀tún àti òsì pọ̀. Ẹ mú vernier (irin tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn) dání lọ sí Ládípò ní Èkó tàbí Gate ní Ìbàdàn. Dísìkì tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń pè ní Belgium lè dán lójú kó sì ti parí: tí MIN TH bá jẹ́ 23 mm, tí ẹ wọ̀n ọ́n tó jẹ́ 23.3, ẹ kàn ń fowó ra irin àlòkù tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé ni. Etí dísìkì tó ti jẹ máa ń ga ju àárín, nítorí náà ẹ rí i pé ẹnu vernier kọjá etí yẹn kí ẹ tó ka nọ́ńbà. Ní tiwa, tuntun tó rẹlẹ̀ lówó sàn ju àlòkù tó ní orúkọ, tí họ́ọ̀bù bá ti mọ́.

Dúrọ́ọ̀mù ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù. Ẹ wọn inú rẹ̀ níbi méjì tàbí mẹ́ta tó dábùú ara wọn. Bí wọn kò bá dọ́gba, kò yí po mọ́. Ẹ ha á tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Títò ó padà

Kí ẹ tó ti písítìn padà, ẹ ṣí ọmọrí omi bíréèkì, torí omi náà á gòkè, ó sì máa ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀. DOT 3 ni kí ẹ fi kún un bó bá dín. Ẹ fi sí-kílám̀pù ti písítìn jẹ́jẹ́. Ẹ tò gbogbo rẹ̀ padà, ẹ gbé táyà sí i.

Nọ́ọ̀tì Corolla gba 103 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń di nọ́ọ̀tì). Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n: tí ọ̀pá spánà bá gùn tó 50 cm, ìyẹn dà bí ìgbà tí ẹ fi ẹrù 21 kg kọ́ etí rẹ̀. Fọ́kánáísà tó wọn 75 kg tó wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun ọ̀pá yẹn ti fi ju 360 Nm lọ dì í, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí nọ́ọ̀tì náà fẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé méjì ló gun bẹ́ẹ̀, tó fi ọwọ́ di mẹ́ta tó kù, dísìkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tààrà yẹn ti tún wọ́. Torque wrench, spánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń di nọ́ọ̀tì, ni kí ẹ lò, ní ìpele méjì: gbogbo wọn dé 50 Nm, lẹ́yìn náà 103. Ẹ má to wọn tẹ̀lé ara wọn. Ẹ máa fo ọ̀kan: 1, 3, 5, 2, 4.

Kí ẹ tó fi ọkọ̀ sí jíà, ẹ tẹ pẹ́dà títí á fi le. Títẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lọ sílẹ̀ pátápátá nítorí písítìn ti wọlé, ẹni tó bá gbàgbé á gbá ògiri.

Páàdì àti dísìkì tuntun gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Lójú ọ̀nà tó dá, ẹ sáré dé 60 km/h, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa títí á fi di nǹkan bíi 15, ẹ má jẹ́ kó dúró. Ẹ fún un ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ tún ṣe é, tó ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ẹ wakọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ bíréèkì púpọ̀ kó lè tutù. Tí ẹ bá dúró nínú gbogbo èyí, ẹ fi ọkọ̀ sí N lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ má sì gbé e lọ síbi wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ nígbà tí ìdí táyà ṣì ń gbóná.

Lẹ́yìn nǹkan bíi 80 km, ẹ tún fi torque wrench kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wò. Láti ọjọ́ náà lọ, ìgbàkigbà tí fọ́kánáísà bá bọ́ táyà yín, ẹ ní kó fi ọwọ́ fa spánà dì í, kó má fi ẹsẹ̀ gun ún. Tí ẹ bá délé, tí ìdí táyà ti tutù, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan díẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fúnra yín dì í dé 103 Nm, 1, 3, 5, 2, 4.